Irin Tí A Rọ Sábẹ́ Mọ́tò Sùlè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bá mi lábẹ́ igi òdán yìí, tí ẹ ń bi mí pé iṣẹ́ wo ló yẹ kí ẹ kọ́, ẹ jókòó dáadáa. N kò ní sọ pé kí ẹ kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, n kò sì ní sọ pé kí ẹ má kọ́ ọ. Ohun tí ojú mi rí nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá gbọ́ tó ṣì fẹ́, kó máa bọ̀. Ẹni tó bá sá, a ò ní lé e. Bí ẹ bá sì rí i tí mo dákẹ́ lágbedeméjì, ẹ má rò pé oorun ló gbé mi lọ o. Arúgbó ń rántí ni.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Ògúndìran ni bàbá mi sọ mí, Yésúfù ni àwọn alùfáà sọ mí nígbà tí ilé wa gba ẹ̀sìn, mo sì ń jẹ́ méjèèjì. Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi kò gùn ní sísọ. Bàbá mi fi ọwọ́ kan mú obì, ó fi ìkejì fà mí. Ó ní, "Ọmọ yín rèé." Ọ̀gá mi ní, "Ó ti di tèmi." Ó parí. Ẹ ń bèèrè owó? Ta ní ń fún ọmọ iṣẹ́ lówó? Oúnjẹ là ń jẹ, ìyà la sì fi ń panu.

Ògúntọ́lá lorúkọ ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá Sùlè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Sùlè ni àkọ́bí rẹ̀, òun nìkan ló sì dàgbà nínú àwọn ọkùnrin tó bí. Ènìyàn líle ni. Ẹwìrì ni mo kọ́kọ́ ń fẹ́ fún un, mo fẹ́ ẹ títí èjìká mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bí irin bá ti pọ́n nínú iná, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí o bá wúkọ́ pàápàá, á wò ọ́ bíi pé o jí ewúrẹ́ rẹ̀. Ọkọ́ là ń rọ jù, àti àdá, àti ọ̀bẹ. Àwọn ọdẹ láti Ìgbòho àti Ṣakí náà ń wá gba tàkúté lọ́wọ́ wa. Ohunkóhun tó bá jáde lọ́wọ́ wa, Bàbá á fi ìka gbé e kọ́, á fi irin kékeré lù ú, á tẹ́tí sí i bó ṣe ń dún. Bí kò bá dún dáadáa, inú iná ló ń padà sí.

Ọjọ́ kan, mo rọ àdá kan tí èmi fúnra mi ń wò tí mo ń rẹ́rìn-ín. Àgbẹ̀ kan láti Ìgànná ti mú un dání, ó ti ń fì í lókè. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó lù ú, ó jù ú sínú iná.

Àgbẹ̀ náà lọgun: "Háà! Bàbá, ó kúkú dáa lójú mi!"

"Ojú rẹ kọ́ lo fẹ́ fi ṣán oko," Bàbá dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ògúndìran, àdá tó bá kán lóko, ara ẹni tó mú un dání ló ń bà. Kì í ṣe ara tìẹ. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ fi balẹ̀ tó báyìí."

Mo fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ mú jáde níbẹ̀. Èmi ni irin tí bàbá náà ń lù nígbà náà, mo sì dúpẹ́ lónìí pé kò tètè sú u.

Sùlè kò fẹ́ iṣẹ́ irin. Ó ní èéfín ń ta á lójú. Ó gba Ìbàdàn lọ, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò. Lásìkò náà, àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun lókè òkun, mọ́tò kò sì tíì pọ̀ lọ́nà ọ̀dọ̀ wa. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, àwọn ìyá á fa ọmọ wọn wọlé, ewúrẹ́ á já okùn. Oníṣòwò èlùbọ́ kan ní Ọ̀yọ́ ló gba Sùlè sí mọ́tò tirẹ̀, kó máa kó èlùbọ́ àti èrò láti Ìsẹ́yìn lọ sí Ọ̀yọ́. Inú ìlú dùn. Inú bàbá rẹ̀ kò dùn. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Sùlè ní ilé àgbẹ̀dẹ, Bàbá á ní ká fẹ́ná.

Mọ́tò náà ní àìsàn kan. Bó bá ń lọ ní tààrà, kò sí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà, á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá kan á ga, ìkejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, bí ẹni tó ru omi tí ẹrù tẹ ọrùn rẹ̀. Àwọn èrò tó wà lórí àpò èlùbọ́ á máa ké pe Ọlọ́run. Kọ́nà tó burú jù wà níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò Ògùn. Àwọn kan máa ń bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀, wọn á fẹsẹ̀ rìn ín kọjá, wọn á tún gun mọ́tò níwájú.

Ìyẹn ló gbé Sùlè wá bá bàbá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà ilé àgbẹ̀dẹ. Bàbá kò gbójú sókè.

"Ta ló dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ìwọ ta?"

"Sùlè ni o, Bàbá. Mọ́tò mi ń fì ní kọ́nà. Ẹ̀rù ń bà mí. N kò mọ ẹlòmíì tí mo lè sọ fún."

Bàbá gbé ọmọ owú tó fi ń lu irin sílẹ̀. Ó jáde, ó dùbúlẹ̀ sínú eruku, àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, ó yọ́ wọ abẹ́ mọ́tò. Èmi náà yọ́ tẹ̀lé e. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni wọ́n tò lé ara wọn sítòsí ẹsẹ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, àwọn ló gbé gbogbo ẹrù mọ́tò dúró. Sípíríìnì là ń pè é. Bàbá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó ní kí Sùlè gun òkè kó máa fi ara rẹ̀ fì í. Ó rí i bí irin náà ṣe ń rọ̀ jù, tí ẹ̀gbẹ́ kan ń rì.

"Kò lágbára tó," ó ní. "Ó ń fẹ́ irin kún irin. Bó bá le sí i, kò ní lè fì mọ́."

Sùlè ra irin òyìnbó kan wá láti Ọ̀yọ́. Bàbá gbà á, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n. "Ó fẹ̀, ó pẹlẹbẹ," ó ní, "àfi bí ojú ọkọ́." Bí a sì ti ń ṣe ọkọ́ la ṣe é. A mú un pọ́n, a lù ú, a tẹ̀ ẹ́ bá àwọn tó wà lábẹ́ mọ́tò mu, Bàbá sì tì í bọ omi tútù kó lè le. Omi hó, èéfín bo gbogbo wa. Ó fi ìka gbé e kọ́, ó lù ú, ó dún gbaan, ó mọ́ kedere. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. A ṣe ti apá ọ̀tún, a ṣe ti apá òsì. Lọ́jọ́ náà, Bàbá àti Sùlè jẹun nínú àwo kan náà. Mo wò wọ́n, inú mi dùn débi pé n kò rántí jẹ tèmi.

Mọ́tò náà dúró ṣinṣin. Sùlè gba kọ́nà odò Ògùn, kò fì. Ìròyìn tàn káàkiri. Àwọn èrò tó ń bọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀ mọ́. Sùlè ń to àpò èlùbọ́ ga sí i, èrò ń jókòó lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Bàbá Sùlè tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ mọ́tò, òun ló wá ń dá àwọn tó ń kọjá dúró. "Ṣé ẹ ti rí mọ́tò ọmọ mi?"

Àárọ̀ ọyẹ́ kan ni. Irin tutù débi pé ó ń já ni lọ́wọ́. Ọkùnrin kan sáré wọ àdúgbò, kò lè mí dáadáa. "Mọ́tò Sùlè ti dojú dé! Ní kọ́nà odò!"

Ẹ má bi mí bí a ṣe rìn ín. A sáré, a rìn, a tún sáré. Oòrùn ti mú kí a tó débẹ̀. Èlùbọ́ ti dà sórí koríko, gbogbo ilẹ̀ funfun. Ìyá Ràfátù, obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ní àdúgbò wa, tó máa ń fún wa ní ẹ̀kúnwọ́ bí a bá pọ́n ọ̀bẹ fún un, wọ́n ti fi ìborùn rẹ̀ bò ó. Ó ti kú. Àwọn yòókù ṣèṣe, ara wọn bó. Sùlè dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, itan rẹ̀ ti kán.

Bàbá kúnlẹ̀ tì í. "Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá. Mo gbọ́ tí nǹkan dún kán lábẹ́ wa. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yí."

Bàbá dìde, ó lọ síbi mọ́tò. Sípíríìnì apá òsì ti kán, èyí tí a rọ. Ó mú àjákù rẹ̀ sọ́wọ́, ó wò ó. Èmi náà wò ó. Ojú ibi tó ti kán funfun, ó ṣe hóró-hóró bí iyọ̀. Ẹni tó bá mọ irin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ó le ju bó ṣe yẹ lọ, kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bàbá fi etí aṣọ rẹ̀ wé e, ó tì í sí àpò.

Wọ́n sin Ìyá Ràfátù. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Lámídì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló kọ́kọ́ sọ ọ́, pé Sùlè mutí. Àwọn kan ní àwọn rí i nídìí ẹmu lọ́jọ́ tó ṣáájú. Irọ́ ni. Sùlè kì í fi ẹnu kan ẹmu. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé sí ìta ilé baálé. Wọ́n gbé Sùlè wá lórí ẹní, igi tí wọ́n fi di itan rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Lámídì ní, "Ẹ lé e kúrò nílùú. Kó má fọwọ́ kan mọ́tò mọ́ láyé rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ ta ló tún kàn?"

Orí ń mì láàárín àwọn àgbà. Ìyàwó Sùlè wà lẹ́yìn, ó gbé ọmọ pọ̀n, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Sùlè alára kò wí nǹkan ju "Ọlọ́run mọ̀" lọ.

Èmi ń wo ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé yín dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ní ilé wa, ọmọ iṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ irin ọ̀gá rẹ̀ níta. Ẹnu mi ti dì. Òun nìkan ló lè sọ ọ́. Èèwọ̀ kan sì tún wà: àgbẹ̀dẹ tó bá jẹ́wọ́ pé irin ọwọ́ òun ló pa ènìyàn, kò ní gbé ọmọ owú mọ́ títí tí yóò fi kú. Bí Bàbá bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ di ẹni à ń lé nílùú, tòun ti ẹsẹ̀ tó kán. Bó bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti kékeré, tí a fi ń pè é lọ́gàá, parí lọ́jọ́ náà. Mò ń gbàdúrà kó sọ̀rọ̀. Ojú tì mí láti sọ ọ́, mo tún ń gbàdúrà kó má sọ ọ́.

Bàbá dìde. Ó ṣí fìlà. Ó yọ àjákù irin náà jáde, ó fi ahọ́n kàn án lójú gbogbo ènìyàn. Gbogbo ìta mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹni tó bá fẹnu kan irin kì í purọ́.

"Sùlè kò mutí," ó ní. "Irin mi ló kán. Èmi ni mo rọ ọ́, èmi ni mo tì í bọ omi. Mo rí i tó fẹ̀, mo pè é ní ọkọ́. Kì í ṣe ọkọ́. Tàkúté ni."

Àwọn àgbà ń wo ara wọn. Bàbá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ọkọ́ kì í tẹ̀, líle ló ń fẹ́, omi la fi ń mú un le. Ṣùgbọ́n irin tàkúté gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó sì padà, tẹ̀ kó sì padà, òrí yíyọ́ la sì ń tì í bọ̀, kì í ṣe omi. Iṣẹ́ tí sípíríìnì ń ṣe lábẹ́ mọ́tò nìyẹn gan-an. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n," ó ní, "kí wọ́n tó bí ọmọ yìí. Fífẹ̀ rẹ̀ ló tàn mí jẹ."

Ó lọ bá Lámídì, tí kò tó àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn ènìyàn pariwo, "Háà! Ẹ gbé e dìde!" Kò dìde.

Lámídì sunkún. Ó ní, "Ìyẹn kò ní jí àbúrò mi, Bàbá Sùlè."

"Kò ní jí i," Bàbá dá a lóhùn láti orí ilẹ̀.

Wọn kò lé Sùlè mọ́. Lámídì kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, a kò sì bá a wí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ owú fún mi. Ó ní, "Gbà á. Iná ń kú."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló fi ń tọ́ka, èmi ni mò ń lù. A ra òrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin, a yọ́ ọ nínú ìkòkò ńlá. A tún irin tuntun rọ fún apá méjèèjì. Nígbà tó pọ́n, mo tì í bọ inú òrí náà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n tún fi yá iná díẹ̀ títí òrí ara rẹ̀ á fi jó tán. A gbé e lé orí òkúta méjì, àwọn géńdé gun orí rẹ̀, wọ́n ń fò. Ó rì, ó padà. Wọ́n tún fò. Ó tún padà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká fi irin de àwọn sípíríìnì náà mọ́ra pinpin, kí wọ́n lè máa gbé ẹrù pọ̀, ó sì sọ fún Sùlè pé àpò tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó máa wà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sórí ẹrù mọ́. Mọ́tò tí orí rẹ̀ wúwo, kò sí irin tó lè gbà á.

Òjò ti ń rọ̀ kí itan Sùlè tó san, kò sì tọ́ mọ́. Oníṣòwò èlùbọ́ ti Ọ̀yọ́ náà gbé mọ́tò padà fún un. Àmọ́ kò sí èrò. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kọjá. Sùlè jókòó sídìí mọ́tò ní ọjà láti òwúrọ̀, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

Nígbà tó yá, a rí Bàbá tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò wọ mọ́tò rí láyé rẹ̀.

"Níbo ni irin tuntun apá òsì wà?" ó bi mí. Mo fi hàn án. Ó gun ẹ̀yìn mọ́tò, ó jókòó sórí pákó tó wà lókè rẹ̀ gan-an.

Sùlè bẹ̀ ẹ́. "Bàbá, ẹ wá síwájú lọ́dọ̀ mi, ó rọrùn níbẹ̀."

"Ibí ni mo fẹ́. Máa lọ."

Èmi náà gòkè. Ta ni ì bá dá mi dúró? Irin tí èmi rọ ni ọ̀gá mi jókòó lé, ọmọ rẹ̀ ló sì ń wà á. Bí a ṣe ń sún mọ́ odò, mo tẹ́tí sí irin abẹ́ wa. Bàbá ń sọ Bísímílàì lábẹ́ ètè, ó di pákó mú. Ọ̀nà ṣẹ́. Mo gbọ́ tí irin náà ń ké lábẹ́ wa. Mọ́tò fì díẹ̀, díẹ̀ péré, ó sì padà dúró. A ti kọjá.

Bàbá fi ọ̀pá lu pákó. Sùlè dúró. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà sí ibi tí Ìyá Ràfátù kú sí, ó sì sunkún. N kò rí i kó sunkún rí, n kò sì tún rí i mọ́. A dúró dè é. Nígbà tó padà dé, ibi tó jókòó sí tẹ́lẹ̀ náà ló tún jókòó sí. Ní ìpadàbọ̀ wa láti Ọ̀yọ́, àwọn obìnrin mẹ́ta kan wọkọ̀.

Àwọn ohun èlò yí padà lẹ́yìn ìyẹn. A fi ẹwìrì sílẹ̀, a gba èyí tí a ń fọwọ́ yí. Àwọn ọmọ ìkẹyìn mú iná tó ń jó irin pọ̀ dé, sípíríìnì ń bọ̀ láti òkè òkun nínú páálí, wọ́n tiẹ̀ ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní ṣọ́kù sí i báyìí, kí mọ́tò má baà máa fì. Ó dáa. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé kan bá wá sọ fún mi pé irin tó bá ti le ló dára, mà á lé e jáde nílé mi. Bàbá kò gbé ọmọ owú mọ́ títí tó fi kú. Ó máa ń jókòó tì mí, á tẹ́tí sí bí mo ṣe ń lù ú. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò ní sọ nǹkan kan.

Sùlè wa mọ́tò títí irun rẹ̀ fi funfun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń wà á, ojú ọ̀nà ló pa púpọ̀ nínú wọn. Orí ẹní ni Sùlè kú sí, nínú yàrá rẹ̀, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yí i ká. Nígbà tí a fẹ́ wẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n mú apá ẹsẹ̀. Mo gbé itan tí kò tọ́ yẹn lé ọwọ́ mi, mo ń da omi sí i, mo ń dúpẹ́. Ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí nínú iṣẹ́ mi? Dírẹ́bà kan darúgbó.